Spectrum tòkunbọ̀ tó ń fi ìlà dúdú àti funfun hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

omo_oroki

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Mo ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, Sinclair ZX Spectrum tó ní mẹ́mọ́rì 48K, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ nítòsí ọjà Orísúnmibáre níbí ní Òṣogbo. Àárín àwọn rédíò àti fídíò tó ti kú ni mo ti rí i. Ẹ̀rọ náà kéré, dúdú ni, rọ́bà ni bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì ní ìlà aláwọ̀ mẹ́rin lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Kò ní àdápítọ̀ tirẹ̀. Ọkùnrin tó tà á fi àdápítọ̀ ráúta dán an wò lójú mi, kò tàn, ìyẹn ló jẹ́ kó bá mi dín owó rẹ̀ kù.

Nígbà tí mo délé ní Òkè-Fìà, mo fi àdápítọ̀ olóríṣiríṣi tí èèyàn lè yí plus àti minus rẹ̀ dán an wò, mo gbé e sí 9 volt. Tẹlifíṣọ̀n gbé nǹkan wá lọ́tẹ̀ yìí: ìlà gàdàgbà-gàdàgbà, dúdú àti funfun, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Mo ní mítà, mo ní soldering iron, ṣùgbọ́n wáyà earphone nìkan ni mo tíì fi léèdì so rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mẹ́mọ́rì ló kú, kí n yọ gbogbo IC rẹ̀, àwọn dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí jí, mo sì fẹ́ mọ ohun tó ṣe é kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú.

ripera_alekuwodo

Àbúrò, káàbọ̀. Kọ́kọ́ yọ iná kúrò lára rẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Ohun tí ẹni tó tà á fún ọ ṣe ló ń kọ mí lóminú. Àdápítọ̀ ráúta, ti CCTV, ti ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nílé wa, inú ihò ẹnu rẹ̀ ni plus máa ń wà, minus á wà lóde. Spectrum kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ni minus tirẹ̀, òde ni plus. Ẹni tó bá ki àdápítọ̀ ráúta bọ̀ ọ́, òdì-òdì ló ń rán iná wọ inú rẹ̀. Nítorí náà má tíì dá mẹ́mọ́rì lẹ́bi.

Wo ara àdápítọ̀ tìrẹ náà. Èyí tí Sinclair ṣe fún Spectrum jẹ́ 9 volt, 1.4 amp. Ọ̀pọ̀ olóríṣiríṣi tó wà lọ́jà kò tó bẹ́ẹ̀. Tí amp bá kéré, iná á máa wálẹ̀, ẹ̀rọ á máa ṣe ségesège, èèyàn á sì rò pé IC ló bàjẹ́.

Tó o bá ti rí i pé àdápítọ̀ dára, ṣí ẹ̀rọ náà. Ṣúkúrù márùn-ún ló wà nídìí rẹ̀. Má fi ipá gbé ìbòrí òkè o! Kíbọ́ọ̀dù wà lára rẹ̀, ọ̀já ọ̀rá pẹlẹbẹ méjì ló so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, ọ̀rá yẹn sì ti lé ní ogójì ọdún, ó ti gbẹ. Fà á sókè tààrà, má tẹ̀ ẹ́, má yí i.

Fi mítà sí DC 20. Fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan irin pẹlẹbẹ tí wọ́n de régúlétọ̀ 7805 (èyí tó ń sọ iná di 5 volt) mọ́, minus ni irin yẹn. Wá wo IC mẹ́jọ tó tò léra, láti IC6 dé IC13, 4116 ni wọ́n, àwọn ni mẹ́mọ́rì. Ibi tí wọ́n gé wọnú díẹ̀ lára IC ni orí rẹ̀. Tó o bá kọjú orí yẹn sókè, ẹsẹ̀ 1 ló wà lókè lápá òsì, ẹsẹ̀ 8 nísàlẹ̀ lápá òsì kan náà, ẹsẹ̀ 9 ló kọjú sí i lápá ọ̀tún. Ó yẹ kí o rí -5 volt lẹ́sẹ̀ 1, +12 lẹ́sẹ̀ 8, +5 lẹ́sẹ̀ 9.

Fi téèpù wé ẹnu pupa mítà kó ku orí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan. Tó bá yọ̀ láti ẹsẹ̀ 8 lọ kan ẹsẹ̀ 7, 12 volt yẹn lè pa ju IC kan lọ. Tí iná bá sì ń ṣẹ́jú ládùúgbò yín, dúró ná, tàbí kí o lo ínfátà.

Kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí.

blower_igbona

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọ̀nà yìí gùn jù. Fóònù lèmi ń ṣe ní Ìgbọ̀nà. IC mẹ́jọ péré, blower tó ń fẹ́ ooru á ti yọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó gbé iná lọ. Kó ra mẹ́jọ mìíràn, kó tò ó síbẹ̀, ó parí. Ìlà lójú tẹlifíṣọ̀n, mẹ́mọ́rì náà ni. Kí la tún ń fi mítà wá?

mama_fisiisi

Ọmọ mi, mo mọyì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù yìí kì í ṣe ti fóònù. Orí bọ́ọ̀dù ni IC fóònù jókòó sí. Ti Spectrum, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gba inú ihò kọjá sí òdì kejì. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí IC tó lè jáde. Ooru tó lè ṣe ìyẹn á ti ká ìlà bàbà tín-ín-rín kúrò lójú bọ́ọ̀dù kí IC tó mì. Ìlà bàbà tó bá ká, o ti fi iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́.

Ká tiẹ̀ ní ó rí mẹ́jọ rà. Tí -5 volt kò bá sí lẹ́sẹ̀ 1, mẹ́jọ tó rà náà á bá ti àkọ́kọ́ lọ. Mẹ́mọ́rì ayé àtijọ́ ni 4116, iná mẹ́ta ló ń jẹ papọ̀, -5 yẹn ló sì ń kó o níjàánu. Tó bá wà láìní in, tí +12 sì ń wọlé, á máa gbóná ni títí á fi kú. Kò sí ẹni tó tún ń ṣe é jáde lónìí, èyí tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ tàbí èyí tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ mìíràn là ń rí rà. Kì í ṣe nǹkan tí à ń fi ṣòfò.

Àwòrán tí ọmọ yìí rí náà ń sọ̀rọ̀, ó kù ká mọ̀ ọ́n kà. Àmì kékeré (pixel) 256 ló wà ní ìbú ojú Spectrum, 192 ní gígùn. Báìtì kan ló ni àmì mẹ́jọ tó tẹ̀ léra, IC kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn ló sì ni àmì kan nínú wọn. Tó bá jẹ́ pé IC kan ṣoṣo ló kú, ìlà tín-ín-rín lo máa rí, ọ̀kan nínú gbogbo àmì mẹ́jọ, ìlà 32 jákèjádò ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìlà gàdàgbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ IC kan. Ohun tó bá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni, iná ni mo sì ń fura sí.

omo_oroki, ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o ṣe.

omo_oroki

Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Mo yẹ àdápítọ̀ wò, 1.5 amp ni wọ́n kọ sí i, mítà sì fi hàn pé minus ló wà nínú.

Ẹsẹ̀ 9: 4.97
Ẹsẹ̀ 8: 8.6
Ẹsẹ̀ 1: 0

Ohun kan náà ni mo rí lára IC6 àti IC13. Régúlétọ̀ gbóná débi pé mi ò lè fìka lé irin rẹ̀ pẹ́. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

ripera_alekuwodo

Á gbóná. 9 volt ló ń gbà, 5 ló ń mú jáde, ìyókù ló ń di ooru. Jẹ́ kí ìyẹn wà bẹ́ẹ̀. 5 rẹ pé, régúlétọ̀ yè nìyẹn.

Nọ́ńbà méjì tó kù ló tú àṣírí. Wá tìràǹsítọ̀ tí wọ́n kọ TR4 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, TR5 àti kọ́ìlì kékeré kan wà nítòsí rẹ̀. Iná àdápítọ̀ ń gba inú kọ́ìlì yẹn kọjá, iṣẹ́ TR4 sì ni kó máa tàn án kó máa pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tó bá já iná yẹn ni kọ́ìlì ń ta èyí tó ga ju 9 lọ padà. Ibẹ̀ ni +12 ti ń wá, ibẹ̀ náà ni -5 ti ń wá. Tí TR4 bá ti kú, iná àdápítọ̀ á kàn máa ṣàn kọjá lásán, ìyẹn lo rí gẹ́gẹ́ bíi 8.6, -5 kò sì ní sí rárá. Nínú gbogbo Spectrum tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, TR4 ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

ZTX650 ni TR4, ZTX213 ni TR5. Pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọ ní èyí tó kàn jọ ọ́ o, orúkọ ara rẹ̀ ni kí o wò. Yẹ kọ́ìlì náà wò dáadáa: tí wáyà rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, yóò tún pa TR4 tuntun, nítorí náà sọ fún mi kí o tó ṣe ohunkóhun.

Yíyọ rẹ̀ rèé. Ya fọ́tò ibi tí ojú pẹlẹbẹ tìràǹsítọ̀ kọ sí. Fi kọ́tà gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè kí ara rẹ̀ kúrò ná. Yí bọ́ọ̀dù dojú dé, kí o wá máa yọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi léèdì tuntun díẹ̀ kún ti àtijọ́, nítorí ti àtijọ́ ti le, kì í yọ́ bọ̀rọ̀. Tó bá ti ń dán gbinrin bí omi, fi tweezers fa ẹsẹ̀ náà jáde, fi sucker fa ìyókù léèdì. Tí kò bá jáde, má fà á tipátipá, gbé iron kúrò, jẹ́ kó tutù, kí o tún un ṣe.

Kí o tó débẹ̀, wá bọ́ọ̀dù rédíò tó ti kú, kí o máa yọ tìràǹsítọ̀ ara rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ á fi mọ́ ọn.

ayo_okebaale

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú o. Kí lèèyàn fẹ́ fi 48K ṣe lóde òní? Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù mi ju ìyẹn lọ fíìfíì. Owó tìràǹsítọ̀ àti IC wọ̀nyí, ṣé kò sàn kó fi kún owó láptọ́ọ̀pù?

mama_fisiisi

Ayọ̀, mo fẹ́ dá ọ lóhùn dáadáa, torí ó ká mi lára.

Físíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. A máa ń ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó: àpótí kan, a kọ "ọpọlọ" sí i, àpótí kejì, a kọ "ìrántí" sí i, a fa ọfà láàárín wọn. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á há a sórí, wọ́n á sì yege. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú kan ohun tí ọfà yẹn ń sọ. Tú láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí, IC dúdú kan ló kó gbogbo rẹ̀ mì, o ò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Ti Spectrum, ìka lo máa fi tọ́ka. Z80 rèé, òun ló ń ṣe ìṣirò, 3.5 megahertz ni eré rẹ̀. ROM rèé, 16K, inú rẹ̀ ni BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un, wà. ULA rèé, èyí tí Ferranti ṣe, òun ló ń fa àwòrán jáde. Mẹ́mọ́rì rèé, mẹ́jọ lápá ibí, mẹ́jọ lápá ọ̀hún. Ìlà bàbà tó so wọ́n pọ̀ wà níbẹ̀ kedere. Ọmọ tó fi mítà wá -5 volt, tí kò rí i, tó sì wá mọ ìdí tí kò fi sí, kò sí ìdánwò tó lè da ìyẹn rú mọ́ ọn lójú láéláé. Ọ̀kan irú rẹ̀ ní gbogbo ilé ìwé, ohun tí mò bá fi gbogbo ara bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

ayo_okebaale

Mo gbọ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n máa wò.

omo_oroki

Tìràǹsítọ̀ méjèèjì ti dé láti Èkó, ọkọ̀ já a sí Old Garage. Kọ́ìlì mọ́, kò jó. Mo ti pààrọ̀ wọn bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é.

Ẹsẹ̀ 8: 12.1
Ẹsẹ̀ 1: -5.0

Ìlà gàdàgbà ti lọ! Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀rọ̀ kankan. Ìlà tín-ín-rín ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ó tò dọ́gba-dọ́gba. Mo kà á, mà: 32 ni. Mo fi ẹ̀yìn ìka kan àwọn IC náà wò, IC10 gbóná gan-an, àwọn méje yòókù kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

mama_fisiisi

Òun nìyẹn. Ìgbà tí -5 kò sí ló bá a. Àwọn yòókù rí ara gbà á.

blower_igbona

omo_oroki, gbé e wá sí Ìgbọ̀nà, má yọ ìyẹn fúnra rẹ, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún kì í ṣe mẹ́ta. Mo gbọ́ ohun tí màmá sọ, mi ò ní gbé blower sún mọ́ ọn. Mo ní sucker oníná. A ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, a ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà fẹ́ rí inú rẹ̀.

ripera_alekuwodo

O káre. Ẹ má fi léèdì lẹ IC tuntun mọ́ ọn tààrà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 16 ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ wá ki IC bọ̀ ọ́. 4116 kan wà lọ́wọ́ mi láti ara ẹ̀rọ tí mo tú, ẹ wá gbà á ní Alékúwodò. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

omo_oroki

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ó TI JÍ!

Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú, ó di funfun, nísàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ wà: © 1982 Sinclair Research Ltd. Ìkànnì UHF 36 ni tẹlifíṣọ̀n ti mú un. Bọ̀dá blower pariwo débi pé àwọn aládùúgbò wọlé wá wò ó.

Ohun kan ló kù. Q, W, E, R, T kò dáhùn. Gbogbo bọ́tìnnì yòókù ń ṣiṣẹ́.

ripera_alekuwodo

Ọlọ́run ṣeun! Bọ́tìnnì 40 ló wà níbẹ̀, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́jọ, márùn-ún-márùn-ún. Q dé T ọ̀nà kan náà ni wọ́n, ọ̀nà yẹn ló já. Wo ọ̀já ọ̀rá tó fẹ̀ jù nínú méjèèjì, ẹnu ibi tó ti wọ bọ́ọ̀dù ló sábà máa ń sán. Tó bá jẹ́ etí rẹ̀ gan-an ló sán, fi sísọ́ọ̀sì gé ìwọ̀nba mílímítà díẹ̀ kúrò lọ́gbọọgba, kí o tún un kì bọ̀ ọ́. Tó bá sán jìnnà ju ìyẹn lọ, membrane tuntun (ọ̀rá abẹ́ bọ́tìnnì) ni. Wọ́n ṣì ń ṣe é, ra ti Spectrum onírọ́bà, ti Spectrum+ kò ní bá a mu.

omo_oroki

Etí rẹ̀ ni. Mo gé e, gbogbo rẹ̀ ti ń dáhùn. Ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Báwo ni mo ṣe máa gbé nǹkan sínú rẹ̀ báyìí láìní rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì?

mama_fisiisi

Fóònù rẹ tó. Fi wáyà 3.5 milimítà onímono so ihò earphone fóònù mọ́ ihò EAR lẹ́yìn Spectrum. Wá eré tí wọ́n ti yí sí ohùn WAV. Tẹ J lẹ́ẹ̀kan, LOAD á jáde fúnra rẹ̀. Di Symbol Shift mú, tẹ P lẹ́ẹ̀mejì, kí o tẹ ENTER. Wá tẹ ohùn náà lórí fóònù.

Etí ojú tẹlifíṣọ̀n ni kí o máa wò. Pupa àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ máa sáré lọ sókè-sódò, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ gan-an bá ti ń wọlé, á di yẹ́lò àti búlúù. Tó bá sọ pé "Tape loading error", gbé ohùn fóònù sókè sí i. Kí o sì fi fóònù sí airplane mode, ìpè kan tó bá wọlé láàárín á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

omo_oroki

Eré ti wọlé mà. Mo tún kọ PRINT tèmi, mo fẹ́ kó kọ "Òṣogbo Òròkí", ṣùgbọ́n kò ní ṣ, kò ní àmì ohùn.

mama_fisiisi

Ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ. Lẹ́tà 21 wà tí o lè fi ọwọ́ ara rẹ yà, láti A dé U, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó. Ẹ kékeré rèé:

10 FOR n=0 TO 7: READ b: POKE USR "a"+n,b: NEXT n
20 DATA 0,BIN 00111000,BIN 01000100,BIN 01111000,BIN 01000000,BIN 00111100,0,BIN 00010000
30 PRINT CHR$ 144

Wò ó: ìlà márùn-ún ni lẹ́tà gan-an gbà. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni àmì abẹ́ wà, ìlà òkè pátápátá ṣófo, ibẹ̀ ni àmì ohùn á jókòó sí. Ó ṣe wẹ́kú. Lẹ́tà kékeré nìkan, mo ti ṣírò rẹ̀: ẹ, ọ, ṣ jẹ́ mẹ́ta. Fáwẹ́lì méje, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, jẹ́ 14. Ń àti ǹ jẹ́ méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Tó o bá ti yà wọ́n tán, Caps Shift àti 9 ló máa gbé ọ bọ́ sí wọn.

omo_oroki

Gbogbo èdè wa wọ inú rẹ̀, méjì tún ṣẹ́ kù! Mo ti ń yà á lọ.

ayo_okebaale

Fi Ṣ ńlá ṣe ọ̀kan, torí orúkọ ìlú wa. Kí o fi ìkejì ṣe àmì náírà. Màá wá lọ́la, èmi ni kí o jẹ́ kí n ya ìyẹn.